OHUN TÍ Ó YẸ KÍ ARÌNRÌN-ÀJÒ MỌ̀ NÍPA TRINIDAD ÀTI TOBAGO

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì yẹ̀ títí di òní olónìí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn ènìyàn wa ń bèèrè kò mọ sí ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ sí ọ̀nà Kútọnu. Àwọn oníṣòwò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ẹlẹ́sìn, àti àwọn tí ó kàn fẹ́ fi ojú rí bí Ọlọ́run ti tẹ́ ilé ayé, a máa ré òkun ńlá kọjá lọ sí ibi tí ẹsẹ̀ baba wọn kò tẹ̀ rí. Ọ̀kan nínú irú ibi bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, èyí ni Trinidad àti Tobago, erékùṣù méjì tí ó parapọ̀ di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ní òkun Caribbean.

Ìdí méjì ni ó mú wa yan ilẹ̀ yìí láàrín ọ̀pọ̀ erékùṣù tí ó wà níbẹ̀. Èkíní ni pé òfin wà níbẹ̀ tí àlejò tí kò bá mọ̀ ọ́n lè tipa rẹ̀ bọ́ sínú wàhálà ní ọjọ́ tí ó dé gan-an. Èkejì ni pé àwọn ọmọ Yorùbá ti dé ibẹ̀ ṣáájú wa, ipasẹ̀ wọn kò sì parẹ́. Ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ bí àjèjì pátápátá yóò fi ohun púpọ̀ sílẹ̀ láìrí. Ẹni tí ó bá sì lọ síbẹ̀ bí ẹni tí ó wọ ilé baba rẹ̀, òun náà yóò kọsẹ̀. Nítorí náà kí a fi sùúrù gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

IBI TÍ ILẸ̀ NÁÀ WÀ

Trinidad ni ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ọ̀wọ́ àwọn erékùṣù Caribbean, tí ó fi jẹ́ pé ibi tí ó súnmọ́ Venezuela jùlọ kò ju kìlómítà 11 lọ. Ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, ènìyàn lè dúró ní èbúté rẹ̀ kí ó máa wo òkè Gúúsù Amẹ́ríkà. Ìwọ̀n ilẹ̀ Trinidad jẹ́ kìlómítà 4,768 níbùú àti lóròó, èyí tí ó ju Ìpínlẹ̀ Èkó lọ díẹ̀. Tobago kéré púpọ̀, kìlómítà 300 péré ni. Gbogbo ènìyàn tí ó wà ní erékùṣù méjèèjì kò ju bí mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ lọ́nà ogún lọ, èyí ni 1,400,000, wọn kò sì tó ará Ìbàdàn.

Port of Spain ni olú-ìlú. San Fernando ni ìlú ńlá tí ó wà ní gúúsù, níbi tí iṣẹ́ epo rọ̀bì ti gbilẹ̀. Scarborough ni olórí ìlú ní Tobago. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìjọba àti ti ilé-ẹ̀kọ́, nítorí náà ẹni tí ó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ní nílò ògbufọ̀. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń bá ara wọn sọ lọ́jà àti nílé ní ohùn àti ọ̀rọ̀ tirẹ̀, etí àlejò sì nílò bí ọjọ́ mélòó kan kí ó tó mọ́ ọn. Nígbà tí aago bá lu méjìlá ọ̀sán ní Èkó, aago méje òwúrọ̀ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ní Port of Spain.

Ojú ọjọ́ ibẹ̀ kò ní ya ará ilẹ̀ wa lẹ́nu. Ooru wà yípo ọdún, atẹ́gùn òkun a sì máa tu ènìyàn lára. Ẹ̀ẹ̀rùn wọn bẹ̀rẹ̀ láti January títí di May, òjò sì ń rọ̀ láti June títí di December. Ìjì líle tí í máa wó ilé ní àwọn erékùṣù Caribbean sábà máa ń gba apá àríwá wọn kọjá, ṣùgbọ́n wọn kò bọ́ pátápátá. Ní September 1963 ìjì tí a ń pè ní Flora kọlu Tobago, ó sì ba oko àti ilé jẹ́ gidigidi. Ẹni tí ó bá fẹ́ àkókò tí ó tura, kí ó lọ láàrín January àti May.

BÍ ÌLÚ NÁÀ TI DI BÍ Ó TI WÀ

Kò sí bí arìnrìn-àjò ti lè mọ ìwà tí ó yẹ kí ó hù níbẹ̀ bí kò bá mọ irú ènìyàn tí ó ń gbé ibẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí Columbus tó fi ojú kan erékùṣù náà ní 31 July 1498, tí ó sì fi orúkọ Mẹ́talọ́kan sọ ọ́ ní èdè Sípéènì. Àwọn ará Sípéènì ni wọ́n di ilẹ̀ náà mú títí di 1797, nígbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, láti 1783, ọba Sípéènì ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún àwọn Fáransé ẹlẹ́sìn Àgùdà pé kí wọ́n wá dá oko, àwọn wọ̀nyí sì kó ẹrú lọ́wọ́ wá. Ní ti Tobago, Gẹ̀ẹ́sì, Fáransé àti Dọ́ọ̀ṣì jà á gbà lọ́wọ́ ara wọn lọ́pọ̀ ìgbà. Ní 1889 ni a so ó mọ́ Trinidad.

A fi òpin sí oko ẹrú ní 1 August 1834, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin sí i kọjá kí àwọn ẹrú tó bọ́ ní tòótọ́, ní 1 August 1838. Nígbà náà ni àwọn olóko ìrèké bẹ̀rẹ̀ sí wá alágbàṣe káàkiri ayé. Ní 30 May 1845 ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Fatel Razack gúnlẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn bí 225 láti Íńdíà. Kí ètò ìkóṣẹ́ yìí tó dópin ní 1917, àwọn tí a kó wá láti Íńdíà ti lé ní 140,000.

Nítorí èyí, kí àlejò má ṣe rò pé ìlú ènìyàn dúdú nìkan ni òun ń lọ. Nígbà tí a ka ènìyàn ní 2011, àwọn tí ó ti ìran Íńdíà wá lé díẹ̀ ní 35 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tí ó ti ìran Áfíríkà wá lé díẹ̀ ní 34, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn dàpọ̀ sì tó 23. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ilé òrìṣà àwọn ará Íńdíà ń bẹ ní ojú pópó kan náà, ìjọba sì fún gbogbo wọn ní ọjọ́ ìsinmi tiwọn. Trinidad àti Tobago gba òmìnira ní 31 August 1962, Eric Williams, ọ̀mọ̀wé nínú ìtàn, sì ni olórí ìjọba àkọ́kọ́. Ní 1976 wọ́n di orílẹ̀-èdè olómìnira tí ń yan ààrẹ tirẹ̀.

ÀWỌN ARÁ WA NÍBẸ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ ìtàn Àjàyí Crowther, bí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ní 1822, tí wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Sàró. Ohun tí kò hàn sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo àwọn tí a gbà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó dúró ní Sàró. Láti 1841 lọ, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn láti Sàró àti láti erékùṣù Saint Helena lọ sí Trinidad láti ṣe alágbàṣe. Àkókò náà ni ogun ń jà ní ilẹ̀ wa, tí Ọ̀yọ́ Ilé ti tú, tí Òwu ti fọ́, tí a sì ń kó ènìyàn tà ní etí òkun. Nítorí náà Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tí ó dé Trinidad. Ìwé ìjọba ìgbà náà pè wọ́n ní Yaraba tàbí Yarriba.

Àwọn wọ̀nyí kò dé bí ẹrú, wọ́n sì dé ní ọwọ̀ọ̀wọ́, èyí ni ó jẹ́ kí èdè àti ìṣe wọn pẹ́ ju ti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn lọ. Wọ́n tẹ̀dó sí ìhà ìlà-oòrùn Port of Spain, títí di òní sì ni orúkọ Yoruba Village wà lára apá kan ìlú náà. Nígbà tí Maureen Warner-Lewis, olùkọ́ ní yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ sí ká ọ̀rọ̀ àti orin sílẹ̀ ní ẹnu àwọn àgbàlagbà Trinidad ní àwọn ọdún 1960, ó bá àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí a kó wá, tí wọ́n ṣì rántí Yorùbá dé ìwọ̀n kan. Ó kó iṣẹ́ náà jọ sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1996. Àwọn tí ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ nílé ti kú tán. Ohun tí ó kù wà nínú orin, nínú oúnjẹ, nínú ìsìn àti nínú owó.

Nínú owó ni a ó kọ́kọ́ mú, nítorí pé ó kan àwọn oníṣòwò. Bí ènìyàn bá dé ọjà ní Port of Spain, yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní susu. Èésú wa ni. Ènìyàn mẹ́wàá tàbí ogún yóò máa dá iye kan náà ní ọ̀sẹ̀ tàbí ní oṣù, ẹnì kọ̀ọ̀kan a sì máa kó o nígbà tí ó bá kàn án. Ọ̀pọ̀ ni ó ti fi susu ra ilẹ̀, tí ó fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni ó gbé e dúró níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti gbé e dúró níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ní 2020 àwọn kan gbé ètò gbájú-ẹ̀ jáde lábẹ́ orúkọ susu, wọ́n ń ṣe ìlérí pé owó kékeré yóò bí owó ńlá, báńkì àgbà ti ìjọba sì ní láti kìlọ̀ fún ará ìlú. Kí àlejò fi èyí sọ́kàn: èésú tòótọ́ kì í bí ọmọ. Iye tí o bá dá ni iye tí ìwọ yóò kó.

Ní ti ìsìn, orúkọ Ògún, Ṣàngó, Ọ̀ṣun, Yemọja àti Ọ̀sanyìn kò tíì kúrò lẹ́nu wọn. Lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, a fi òfin mú ìlù ní àwọn ọdún 1880, a sì ń yọ àwọn olórìṣà lẹ́nu. Nítorí náà wọ́n fi orúkọ àwọn ẹni mímọ́ Àgùdà bo ti òrìṣà, tí ó fi jẹ́ pé Michael Mímọ́ ni wọ́n so mọ́ Ògún. Ní 1917 ìjọba ṣe òfin tí ó de àwọn ìjọ Spiritual Baptist, tí ìsìn tiwọn súnmọ́ ti olórìṣà, pé wọn kò gbọ́dọ̀ péjọ. 1951 ni a tó fagi lé e. Lónìí, 30 March jẹ́ ọjọ́ ìsinmi gbogbo ìlú ní ìrántí ìdásílẹ̀ wọn. Ní 1999 ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi àṣẹ sí òfin ìgbéyàwó àwọn olórìṣà, kí ìgbéyàwó tí àlùfáà òrìṣà so lè dúró níwájú ìjọba.

Kò pin síbẹ̀. Ọọ̀ni Okunade Sijuwade ṣe àbẹ̀wò sí Trinidad ní 1988. Arthur Robinson, ọmọ Tobago, ẹni tí ó jẹ́ olórí ìjọba láti 1986 sí 1991 tí ó sì di ààrẹ lẹ́yìn náà, gba oyè ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1991. Odò tí ó gbàgbé orísun rẹ̀ ni yóò gbẹ. Àwọn wọ̀nyí kò gbàgbé.

ÌWÉ ÀTI Ọ̀NÀ

Bí Nigeria àti Trinidad tilẹ̀ jọ wà nínú Commonwealth, ọmọ Nigeria kò lè wọ ibẹ̀ láìní físà. Kí ẹni tí ó fẹ́ lọ bá ilé-iṣẹ́ aṣojú wọn ní Abuja sọ̀rọ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú, kí ó sì gbọ́ ohun tí òfin wí lẹ́nu wọn, má ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu alágbàtà. Ọ̀pọ̀ èrò ń gba London tàbí ìlú kan ní Amẹ́ríkà kọjá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ẹni tí ó bá gba Amẹ́ríkà kọjá ní láti ní físà Amẹ́ríkà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ wákàtí méjì péré ni yóò fi dúró de ọkọ̀ òfúrufú mìíràn. Kí ènìyàn rí gbogbo físà wọ̀nyí gbà kí ó tó san owó ọkọ̀.

Kí ó mú ìwé ìpadàbọ̀ lọ́wọ́, àdírẹ́sì ibi tí yóò dé sí, àti ẹ̀rí pé owó tí yóò ná wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn aṣọ́bodè ní pápá ọkọ̀ òfúrufú Piarco yóò bèèrè wọn. Iye ọjọ́ tí wọ́n bá kọ sínú ìwé ìrìnnà rẹ ni iye ọjọ́ rẹ. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ iṣẹ́. Ẹni tí ó bá dúró kọjá àkókò rẹ̀ ń fi àtìmọ́lé àti ìtìjú wá ara rẹ̀, ó sì ń ba ọ̀nà jẹ́ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

ÌLERA

Ẹni tí ó bá ti ilẹ̀ wa lọ gbọ́dọ̀ ní yẹ́lò káàdì, èyí tí ó fi hàn pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Kí ó gbà á ní ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí ó tó gbéra, nítorí pé káàdì náà kò ní agbára kí ọjọ́ wọ̀nyí tó pé.

Ohun kan wà tí a fẹ́ kí olúkúlùkù mọ̀ dájú, nítorí pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Kò sí ibà tí a mọ̀ sí malaria ní Trinidad mọ́. Wọ́n ti lé e kúrò láti àwọn ọdún 1960. Ẹ̀fọn wà, ó sì ń gbé ibà dengue kiri, ìyẹn ni àwọn dókítà wọn kọ́kọ́ máa ń rò bí ara ènìyàn bá gbóná. Nítorí náà, bí ibà bá mú ọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tàbí ìkejì tí o dé, tètè lọ sí ilé ìwòsàn, kí o sì sọ fún dókítà lójú ẹsẹ̀ pé ilẹ̀ tí malaria wà ni o ti wá. Bí o kò bá sọ ọ́, ó lè má wá sí wọn lọ́kàn títí tí àìsàn náà yóò fi wọra. Má sì ṣe mu aspirin nítorí ibà níbẹ̀, nítorí pé ó léwu fún ẹni tí dengue bá ń ṣe.

OWÓ, INÁ ÀTI ỌKỌ̀

Dọ́là Trinidad ni owó wọn, a sì ń gba nǹkan bí mẹ́fà àti ààbọ̀ sí méje nínú rẹ̀ fún dọ́là Amẹ́ríkà kan. Kò sí ẹni tí yóò bá ọ pààrọ̀ náírà. Ẹ̀tàn kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà, pé iye tí a kọ sí ara ọjà lè jẹ́ dọ́là tiwọn tàbí ti Amẹ́ríkà, nítorí náà bèèrè kí o tó sanwó. Owó òkèèrè ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, àní fún àwọn oníṣòwò wọn pàápàá. Má ṣe pààrọ̀ gbogbo owó rẹ lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé dídá ìyókù padà sí dọ́là Amẹ́ríkà nígbà tí o bá ń lọ lè nira.

Agbára iná mànàmáná wọn jẹ́ 115, ìdajì tiwa, ihò iná wọn sì dà bí ti Amẹ́ríkà. Wo ara ẹ̀rọ rẹ kí o tó fi í sínú iná. Apá òsì ni ọkọ̀ ń gbà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe kí a tó yí sí ọ̀tún ní 2 April 1972. Àwọn ọmọ wa tí a bí lẹ́yìn ìgbà náà ni kí ó ṣọ́ra jùlọ: wo ọ̀tún rẹ ná kí o tó sọdá títì.

Ọkọ̀ èrò wọn tí ó dà bí dáńfó ni wọ́n ń pè ní maxi-taxi. Àwọ̀ ìlà tí ó wà lára rẹ̀ ni yóò sọ ibi tí ó ń lọ fún ọ: ìlà pupa ń lọ sí ìlà-oòrùn Trinidad, ìlà aláwọ̀ ewé ń lọ sí gúúsù, ìlà búlúù sì wà ní Tobago. Mọ́tò kékeré tí ó ní àṣẹ láti gbé èrò ní lẹ́tà H níwájú nọ́ńbà rẹ̀. Èyí tí ó ní P jẹ́ ọkọ̀ aládàáni; bí ó bá ń gbé èrò, kabúkabú aláìláṣẹ ni, àlejò kò sì gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Láti Port of Spain sí Tobago, ọkọ̀ òfúrufú kò pẹ́ tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú ọ̀run; ọkọ̀ ojú omi a máa lo wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó sì dínwó.

OÚNJẸ ÀTI ÌRAN

Ebi kò ní pa ọmọ Yorùbá níbẹ̀. Àkàrà wà, wọ́n ń pè é ní accra, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun àlìkámà àti ẹja oníyọ̀ ni wọ́n fi ń din ín dípò ẹ̀wà. Callaloo jẹ́ ọbẹ̀ ewé kókò tí a fi ilá àti omi àgbọn sè. Lójú pópó, láti òwúrọ̀ kùtùkùtù, àwọn ènìyàn ń dúró jẹ doubles, èyí tí í ṣe àkàrà pẹlẹbẹ méjì tí a fi irú ẹ̀wà kan tí wọ́n ń pè ní channa sí láàrín pẹ̀lú èròjà Íńdíà. Olùtà yóò bi ọ́ bóyá o fẹ́ ata. Bí o tilẹ̀ ti ń jẹ ata rodo láti kékeré, sọ pé díẹ̀: ata Moruga tí ó hù ní Trinidad jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó ta jùlọ ní gbogbo ayé.

Ìran tí ó gbajúmọ̀ jùlọ ni Carnival, tí ó ń wáyé ní ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó ṣáájú Ọjọ́rú Eérú. Àwọn ará Èkó tí wọ́n mọ Kàrẹ́tà yóò rí nǹkan tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀, àfi pé gbogbo ìlú ni ó ń jáde. Ìlù irin tí wọ́n ń lù, àwọn ọ̀dọ́ tálákà Port of Spain ni wọ́n fi àgbá epo ṣe é láàrín àwọn ọdún 1930 àti 1940, lẹ́yìn tí a ti gba ìlù awọ lọ́wọ́ àwọn baba wọn. Ní 2023 àjọ àwọn orílẹ̀-èdè ayé ya 11 August sọ́tọ̀ fún un. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ nígbà Carnival, kí ó tètè gba yàrá sílẹ̀, nítorí pé owó ilé ń gbéra gidigidi ní àkókò náà. Bí ó bá jẹ́ ìtàn ni ó wù ú, kí ó lọ ní 1 August, ọjọ́ ìrántí òmìnira àwọn ẹrú, tí ó ti jẹ́ ọjọ́ ìsinmi láti 1985.

Ní La Brea ni adágún ọ̀dà wà, ọ̀dà tí a fi ń ṣe títì. Ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 40. Ènìyàn lè rìn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó tẹ̀lé amọ̀nà, nítorí pé àwọn ibìkan rọ̀. Ní irà Caroni, ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ẹyẹ pupa a máa wọlé ní agbo. Ní Tobago, igbó orí òkè wà tí a ti fi òfin dáàbò bò láti 1776 kí òjò má baà dá. Àwọn àgbẹ̀ àti oníkòkó wa kò gbọdọ̀ fojú fo St. Augustine, níbi tí yunifásítì ti ń tọ́jú ju 2,000 irú kòkó lọ. Ọ̀rọ̀ wọn kàn wá: láti Trinidad ni a ti gbé irú kòkó Amazon wá sí Tafo ní Gold Coast ní 1944, ìran rẹ̀ sì wà nínú oko kòkó wa títí di òní.

ÒFIN ÀTI EWU

Òfin wọn kò gba kí ará ìlú tàbí àlejò wọ aṣọ tí ó jọ ti sójà, ìbáà jẹ́ ti ọmọdé, ìbáà jẹ́ fìlà tàbí àpò lásán. Àwọn aṣọ́bodè yóò gbà á, ẹjọ́ sì lè tẹ̀lé e. Má ṣe gbé ẹrù tí o kò dì fúnra rẹ fún ẹnikẹ́ni. Erékùṣù náà wà lójú ọ̀nà àwọn tí ń kó oògùn olóró láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ẹjọ́ rẹ̀ le, ẹwọ̀n rẹ̀ sì gùn. Àwọn kan lè fẹ́ kó obì, orógbó, ewé tàbí egbò lọ fún àwọn ará wa níbẹ̀. Inú rere ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń bẹ̀rù àrùn ọ̀gbìn, kò sì sí irúgbìn tàbí ewé tí a lè kó wọlé láìgba àṣẹ. Ìjàpá òkun tí ń wá yé ẹyin ní etí òkun láti March sí August kò ṣe é pa, bẹ́ẹ̀ ni ẹyẹ pupa Caroni.

A kò ní fi òótọ́ pamọ́: ìwà ipá ti pọ̀ níbẹ̀ ní ọdún wọ̀nyí. Ní 2024 àwọn tí a pa lé ní 600, iye tí ó pọ̀ fún ìlú tí ó kéré bẹ́ẹ̀. Ìjọba kéde òfin pàjáwìrì ní 30 December 2024, wọ́n sì tún kéde òmíràn ní July 2025. Ìjà láàrín àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn ni èyí tí ó pọ̀ jùlọ, àwọn àdúgbò kan ní ìlà-oòrùn Port of Spain sì ni ó ti le jù. Yoruba Village súnmọ́ ibẹ̀. Bí ọkàn rẹ bá fà sí ibi tí àwọn baba gbé, lọ ní ọ̀sán pẹ̀lú ẹni tí ó mọ ilé mọ ọ̀nà. Má rìn lóru, má fi góòlù ṣe fáàrí, má sì wẹ̀ ní etíkun ibi tí a ta àsíá pupa sí. Nọ́ńbà àwọn ọlọ́pàá ni 999.

ÌWÀ ÀLEJÒ

Ohun kan tí yóò dùn mọ́ ará ilẹ̀ wa ni pé ìkíni ṣe pàtàkì níbẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ ṣọ́ọ̀bù tàbí ọkọ̀ èrò láìkí àwọn tí ó bá níbẹ̀, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọn yóò kà á sí. Bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, ‘good night’ ni wọ́n fi ń kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kí ó má ṣe rò pé wọ́n ń lé òun lọ.

Má bẹ àárín àwọn ará Íńdíà àti àwọn ènìyàn dúdú wò nínú ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ọ̀rọ̀ ilé ni, wọ́n sì mọ bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ‘coolie’ tí a lè ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà jẹ́ èébú. Má ṣe jẹ́ kí ó ti ẹnu rẹ jáde.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó wúwo jù lọ́kàn wa. Bí o bá dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọdún Ògún, ìwọ yóò gbọ́ orin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yí padà lẹ́nu wọn, tí àwọn tí ń kọ ọ́ kò sì lè túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Má rẹ́rìn-ín. Àwọn tí ó kọ́ wọn ní orin náà kọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀, nígbà tí ọlọ́pàá ń já ìlù gbà, nígbà tí ọmọ wọn ń fi èdè mìíràn kàwé. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan tí o mọ̀, sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, sọ pé o kò mọ̀ ọ́n, má ṣe gbé irọ́ kalẹ̀ nítorí pé o ti Nigeria wá.

Inú wọn a máa dùn púpọ̀ bí wọ́n bá gbọ́ pé Yorùbá ni ènìyàn. Wọn yóò gbà ọ́ sínú ilé, wọn yóò pè ọ́ síbi oúnjẹ, ẹlòmíràn lè fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ hàn ọ́ bí ẹni tí ó rí ẹ̀gbọ́n tí ó sọnù. Ẹni tí ó bá lo irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ta oyè, láti fi orúkọ òrìṣà gba owó, tàbí láti yá owó tí kò ní san, kò ṣẹ àwọn tí ó tàn jẹ nìkan. Ẹnì kan ni yóò jẹ ẹ́, gbogbo àwa tí a bá lọ lẹ́yìn rẹ̀ ni a ó sì san án, nítorí pé àwọn ènìyàn tí a fi ipá já kúrò lára igi wọn kò ní sáré na ọwọ́ lẹ́ẹ̀kejì sí ẹni tí ó bá tún tàn wọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń múra àti lọ, ẹ tún ìwé yín yẹ̀ wò, ẹ gba abẹ́rẹ́ yín ní àkókò, ẹ fi aṣọ sójà sílẹ̀ nílé, ẹ má sì gbé ẹrù ẹlẹ́rù. Bí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ kí onílé kí ẹ tó jókòó. Kí Ọlọ́run mú yín lọ ní àlàáfíà, kí ó sì mú yín padà wálé láyọ̀.